Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Tí Ọmọdé Gbé Mì

Ìyá mi àgbà kì í wá aṣọ bí imú ọmọ bá dí. Yóò gbé ọmọ náà lé itan, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ òsì gbá orí rẹ̀ mú, yóò fi ẹnu bo ihò imú rẹ̀, yóò sì fa ikun náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í sọ ọ́ nù lásán. Yóò tu ú sórí iyanrìn ẹ̀yìnkùlé, yóò bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa: ṣé ó ṣì dà bí omi, àbí ó ti ki, àbí ó ti ní àwọ̀ ewé? Ìgbà yẹn ni yóò tó sọ bóyá àgbo ni wọn yóò sè, tàbí kí ìyá ọmọ pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àyẹ̀wò ni arúgbó náà ń ṣe. Ó mú nǹkan láti ibi tí àìsàn wà, ó gbé e síbi tí ojú ti lè rí i, ó sì dájọ́. Ìdájọ́ náà kì í fìgbà gbogbo tọ̀nà, nítorí àwọ̀ ikun nìkan kò lè sọ irú kòkòrò tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wá nínú ikun náà ni àwọn yàrá àyẹ̀wò ńláńlá ṣì ń wá títí di òní: kí ló wà nínú àyà ọmọ yìí, ibo la ó sì ti rí i mú láìṣe ọmọ ní jàǹbá? Ìbéèrè kejì yìí ló le. Òun náà ló mú mi kọ àròkọ yìí.

Òtútù àyà ni àrùn àkóràn tó ń pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jù lọ láyé. Ọ̀nà tí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré fi ń fura sí i kò ní ariwo: ó ń ka èémí. Yóò ká aṣọ ọmọ sókè, yóò tẹjú mọ́ ikùn rẹ̀, yóò sì fi aago ka iye ìgbà tí ikùn náà gbéra láàárín ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù méjì, tí ó bá tó 60, ewu wà. Láti oṣù méjì títí di oṣù mọ́kànlá, 50 ni. Bó bá ti pé ọdún kan títí tí yóò fi súnmọ́ ọdún márùn-ún, 40 ni. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí, nítorí ojú àti aago nìkan ló ń ná ni. Àmọ́ ohun tó lè sọ kò ju pé ilé ń jó lọ. Kò lè sọ ẹni tó ṣáná sí i. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní RSV lè mú kí ọmọ máa mí hẹlẹhẹlẹ; bakitéríà lè ṣe é; kòkòrò ikọ́ ife náà lè sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn méjèèjì. Oògùn tó ń pa bakitéríà kò sì ní í rí fáírọ́ọ̀sì náà gbé ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ṣáná gbọ́dọ̀ mú nǹkan jáde láti inú ara. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọn yóò fún un ní ike kékeré olómọrí, wọn yóò ní kó mí kanlẹ̀, kó wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà, kó sì tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún méjì, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣe. Yóò wò yín lójú, yóò gba ike náà, yóò fi ṣeré. Nígbà tí ikọ́ bá gbé e lóòótọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yóò gòkè dé ọ̀nà ọ̀fun, yóò sì gbé e mì. Gbogbo ọgbọ́n tí mo fẹ́ yìn níhìn-ín, nítorí gbígbémì yẹn ni wọ́n ṣe dá a.

Imú ló súnmọ́ni jù, ibẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ máa ń yà sí. Ẹni tó bá rántí ọdún 2020 kò ní í gbàgbé igi gígùn tín-ín-rín tí wọ́n ń tì bọ imú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òkè ni wọ́n ń tì í lọ, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi kan ọpọlọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ihò imú kò gòkè. Ẹ̀yìn ló lọ tààrà, lórí àjà ẹnu. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ yóò fi ojú wọn ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ láti ihò imú dé etí, yóò mọ ibi tí ìdajì ọ̀nà náà wà, ibẹ̀ ni yóò sì fi mọ. Yóò ti igi náà wọlé ní ìdùbúlẹ̀, jẹ́jẹ́, títí yóò fi kan ibi rírọ̀ kan tí kò ṣeé kọjá, yóò yí i fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò sì fà á yọ.

Ọwọ́ ìyá ni iṣẹ́ tó kù wà. Mo wo ọ̀kan nínú wọn ní ilé ìwòsàn ọmọdé kan ní Ìbàdàn. Ó jókòó, ó gbé ọmọ náà kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àyà òun, ó fi ìró wé apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn lára, ó sì fi ọwọ́ kan di iwájú orí rẹ̀ mú. Orin ló ń kọ sí i létí. Ọmọ náà ti figbe ta kí igi tó kàn án, nítorí ó ti rí ìbọ̀wọ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí yóò fi mí kanlẹ̀ láti ké ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti ṣe tán. “Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Dàmọ́lá,” ni nọ́ọ̀sì wí. Ìyá ló kí. Ọmọ ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Orí igi yẹn tó ohun tí ènìyàn ń dúró wò. Ó dà bí òwú, kì í sì í ṣe òwú. Nínú òwú ni ọ̀rá kan wà tó ń pa kòkòrò ikọ́ àwúbì kí ó tó dé yàrá àyẹ̀wò, ikọ́ tí ọmọ fi ń wú títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n. Ẹni tó bá wá fi igi ìroetí mú nǹkan láti imú ọmọ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló pa ẹlẹ́rìí rẹ̀. Fọ́nrán náílọ́nù kéékèèké ni wọ́n ń lò báyìí, tí wọ́n dúró ṣánṣán lára igi bí irun bùrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń fa omi imú mọ́ra kíá, wọn kì í sì í há a mọ́wọ́: bí wọ́n bá ti kan omi inú ìgò, wọ́n á jọ̀wọ́ ohun tí wọ́n gbé. Ilé iṣẹ́ Copan ní ìlú Brescia, ní Ítálì, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nídìí iṣẹ́ yìí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun Amẹ́ríkà kan gbéra láti Ítálì, ó sì balẹ̀ sí Memphis. Ẹrù rẹ̀ ni 500,000 irú igi bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ogun ńlá, igi tí ẹyọ rẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ.

Ohun tí irú igi bẹ́ẹ̀ lè bí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún yẹn ni Nàìjíríà rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà nílẹ̀ wa, ọmọ Ítálì kan tó gba Èkó wọlé. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà pẹ̀lú Christian Happi ní Yunifásítì Redeemer's, ní Ẹdẹ, ti bá àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ka àkójọ àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà láti òpin dé òpin, wọ́n sì ti fi han ayé. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹdẹ ni o, ìlú Tìmì.

Síbẹ̀, kí igi wọ imú kì í ṣe ohun tí ọmọ lè fara mọ́ lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀. Àwọn ará Jámánì ṣe nǹkan kan tó dùn mọ́ mi nínú nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí ilé ẹ̀kọ́ wọn padà. Ní ìpínlẹ̀ North Rhine-Westphalia, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi olórí rírọ̀ sẹ́nu, wọ́n ń lá a bí ẹni ń lá súìtì onígi fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Lolli ni wọ́n sọ àyẹ̀wò náà. Wọ́n á kó igi gbogbo ọmọ kíláàsì kan sínú ìgò kan, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ PCR yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kòkòrò kò bá sí níbẹ̀, kíláàsì náà lọ ní àlàáfíà. Bó bá wà, wọ́n á wá ọmọ tó ni ín lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹkún, ìyá kankan kò di orí mú. Ìwọ̀nba ohun tí itọ́ lè sọ kò tó ti ẹ̀yìn imú, kò sì sí ẹni tó pe ara rẹ̀ lọ́gbọ́n tí yóò fi itọ́ wá ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, ó tó.

Ọ̀fun ńkọ́? Ó ní ọjọ́ tirẹ̀. Nígbà tí àrùn gbọ̀fungbọ̀fun (diphtheria) bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà láti òpin ọdún 2022, tó sì jà jù ní Kánò, ọ̀fun ni wọ́n ń fi igi nù, lábẹ́ etí awọ aláwọ̀ eérú tó máa ń bo ibẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bá ọmọ tí ọ̀nà èémí rẹ̀ ti fẹ́ dí jà nítorí àyẹ̀wò, nítorí náà ọwọ́ tó bá mọ̀ ọ́n ṣe ló ń ṣe é, wọn kì í sì í dúró de èsì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Mo padà sórí imú, nítorí ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò dùn mọ́ ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀rọ. Láàárín ọdún 2011 sí 2014, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n pè ní PERCH ní orílẹ̀-èdè méje: Gáńbíà, Málì, Kẹ́ńyà, Sáńbíà, South Africa, Bangladesh àti Thailand. Ọmọ 4,232 tí òtútù àyà ti wọ̀ lára gan-an ni wọ́n yẹ̀ wò. Ohun tó sọ iṣẹ́ náà di àgbà ni pé wọ́n tún yẹ ọmọ 5,119 mìíràn wò tí òtútù àyà kò ṣe rárá. Wọ́n nu imú, wọ́n nu ọ̀fun, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣàìsàn. Kí ni wọ́n rí? Kòkòrò kún imú àwọn tó ń ṣàìsàn. Kòkòrò kún imú àwọn tó ń sáré kiri náà. Bakitéríà nimokọ́kọ́ọ̀sì, tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbé e kiri nínú imú bí ẹni gbé àlejò tí kò tíì dá wàhálà sílẹ̀.

Imú, ẹnu ọ̀nà ni. Ẹni tí a bá bá lẹ́nu ọ̀nà lè jẹ́ olè, ó sì lè jẹ́ ẹni tó wá kí baálé ilé. Ìdí nìyẹn tí àwọn PERCH fi lo ìṣirò láti fi ti olóòtútù àyà wé ti ẹni tára rẹ̀ le kí wọ́n tó dájọ́. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2019, fáírọ́ọ̀sì ló kó ohun tó lé ní ìdajì ẹ̀bi náà, RSV nìkan sì kó bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ẹ̀bi náà. RSV yàtọ̀ sí nimokọ́kọ́ọ̀sì ní ti pé kì í fi bẹ́ẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ nímú ọmọ tára rẹ̀ le: bí wọ́n bá rí i lára ọmọ tí àyà ń dùn, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ òun ni. Ẹ̀jẹ̀, tí ojú gbogbo ayé ń wò, kò fi nǹkan púpọ̀ hàn. Nínú àwọn ọmọ tó pọ̀ tó yẹn, díẹ̀ gan-an ni kòkòrò hù láti inú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Bí ẹnu ọ̀nà kò bá ṣeé gbára lé, kí ló dé tí wọn kò fi wọ yàrá lọ? Wọ́n ti wọ̀ ọ́ rí. Ní Sáríà, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn dókítà gún abẹ́rẹ́ gba àyà ọmọ kọjá sínú ibi tí òtútù àyà ti mú ẹ̀dọ̀fóró le, wọ́n sì fa omi díẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 1977 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Àwọn ará Gáńbíà pẹ̀lú ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ohun àyẹ̀wò tó sọ òtítọ́ tó èyí, nítorí ibi tí ìjà ti ń lọ gan-an ni wọ́n ti mú un. Àmọ́ ẹ̀dọ̀fóró lè jò, kí afẹ́fẹ́ sì kún àyà ọmọ, ìwọ̀nba ọmọ tí àìsàn rẹ̀ wà létí àyà ni wọ́n sì lè ṣe é fún. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgboyà àwọn tó ṣe é. N kò lè gbé ọmọ tèmi sílẹ̀ fún un láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

Ó wá ku kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ọmọ gbé mì.

Ikọ́ ife ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di kókó. Láti ọdún 1882 tí Robert Koch ti fi kòkòrò ikọ́ ife han ayé ní Berlin, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n fún ìgbà pípẹ́. Kí ojú tó lè rí kòkòrò náà bẹ́ẹ̀, ó ní láti tó 5,000 sí 10,000 nínú ìwọ̀n mìlílítà kan. Àgbàlagbà tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti lu lè wú iye yẹn jáde kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Ọmọdé kò ní tó bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tirẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń gbé ìwọ̀nba tó ní mì. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ikọ́ ife kò wọ ìwé àkọsílẹ̀ nítorí pé kò mọ bí wọ́n ti ń tutọ́.

Dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Meunier ló ronú kan ibi tó yẹ ní 1898: bí ọmọ bá gbé e mì, inú ikùn ló wà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rọrùn tó lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti sọ ọ́. Lóru, nígbà tí ọmọ bá sùn, àwọn irun kéékèèké inú ọ̀nà èémí kì í sùn. Wọ́n ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gbálẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè lọ sórí, títí yóò fi dé ọ̀fun, tí ọmọ yóò sì gbé e mì lójú oorun. Nídàájí, kí ó tó jẹun, kí ó tó dìde rìn pàápàá, gbogbo ìkórè òru ọjọ́ náà ti wà nínú agbẹ̀du rẹ̀. Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì yóò ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú rẹ̀ wọ inú, yóò sì fi sìríǹjì fa omi náà jáde.

Ọgbọ́n ńlá ni. Ìyà ńlá sì ni. Ọmọ gbọ́dọ̀ sùn sí ọsibítù. Kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan nǹkan láti òru. Wọn yóò jí i pẹ̀lú rọ́bà nímú. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ọjọ́ kẹta, bákan náà. Oúnjẹ ìyá tó sùn tì í ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ mìíràn nílé ńkọ́? Omi agbẹ̀du pàápàá ní kíkan tó lè pa kòkòrò náà, wọ́n sì ní láti fi iyọ̀ kan pa kíkan rẹ̀ kíákíá. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í rí nǹkan kan.

Ní Cape Town, Dókítà Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi ẹ̀rọ sọ omi oníyọ̀ di ìkùukùu, wọ́n fi ìbòmú fún ọmọ láti fà á símú, àyà rẹ̀ á sì tú. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á gòkè, nọ́ọ̀sì á sì fà á mú ní ọ̀nà ọ̀fun kí ọmọ tó gbé e mì. Ọmọ 250 ni wọ́n dán an wò lára, púpọ̀ nínú wọn kò tíì rìn dáadáa, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2005: ẹ̀ẹ̀kan irú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí omi agbẹ̀du ẹ̀ẹ̀mẹta ń ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta di ọjọ́ kan. Ó yẹ kí wọ́n yìn ín, mo sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà, iná gbọ́dọ̀ wà, nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, yàrá tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa gbọ́dọ̀ wà kí ikọ́ ọmọ má baà ran ẹlòmíràn. Ní ilé ìwòsàn abúlé tí mo mọ̀, ohun kan nínú mẹ́rin yẹn ló wà níbẹ̀: afẹ́fẹ́.

Ibi tí mo ti ń dorí kọ láti òwúrọ̀ nìyí. Ohun tó wọ ikùn kì í gbé ibẹ̀. Yóò jáde.

Ìgbẹ́ ọmọ ni ohun àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n kẹ́yìn gbà. Kí wọ́n tó lè lò ó, wọ́n ní láti ní ẹ̀rọ tí kò nílò kí kòkòrò wà láàyè, tí ìwọ̀nba díẹ̀ sì tó fún. Ẹ̀rọ GeneXpert, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2010, ń wá àbùdá kòkòrò náà dípò kòkòrò fúnra rẹ̀. Nígbà tí irú rẹ̀ tuntun tí wọ́n ń pè ní Ultra dé ní 2017, kòkòrò bíi 16 nínú mìlílítà kan ti tó fún un láti mọ̀. Ẹ fi wé 5,000 ti ayé Koch. Ní 2020, Àjọ náà fọwọ́ sí i pé wọ́n lè fi ìgbẹ́ ọmọ wá ikọ́ ife nínú ẹ̀rọ yìí. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó gbà á wọlé.

Mo jókòó ti ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò, mo sì wò ó bó ṣe ń ṣe é. Ọ̀nà tí KNCV, àjọ tó ń gbógun ti ikọ́ ife, àti àwọn ará Etiópíà jọ tún ṣe ni ó ń tẹ̀ lé. Kò ní ẹ̀rọ ayíbírí kankan nítòsí. Ó fi igi pẹlẹbẹ bu ìgbẹ́ tí kò tó gíráàmù kan, 0.8 péré, ó sọ ọ́ sínú ìgò omi oògùn tí ó máa ń bá ẹ̀rọ náà wá. Ó dé e, ó mì í jìgìjìgì, ó gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó tún mì í, ó tún gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè rọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa omi mímọ́ tó wà lókè, ìwọ̀n mìlílítà méjì, sínú ike onígun mẹ́rin tí ẹ̀rọ ń jẹ, ó tì í wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. “Ó tán,” ni ó wí. Mo ní ṣé òórùn rẹ̀ kì í dà á láàmú. Ó rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n, omi oògùn yìí gan-an ló ń rùn jù ú lọ.” Kí wákàtí méjì tó pé, ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀. Bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, ó tún lè sọ bóyá oògùn rífáńpísìn yóò ràn án. Kódà bó bá jẹ́ pé ipasẹ̀ kòkòrò lásán ló rí, tí kò tó kí ó kà á, wọn kì í fojú fo ipasẹ̀ bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ ti ọmọdé.

Mo ní láti sọ àléébù rẹ̀ pẹ̀lú, torí àròkọ tó ń yin nǹkan láìsọ àléébù rẹ̀ ti di ìpolówó ọjà. Nínú àwọn ọmọ tí àyẹ̀wò mìíràn ti fi hàn pé wọ́n ní ikọ́ ife, díẹ̀ ló lé ní ìdajì tí ìgbẹ́ wọn fi hàn. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti omi agbẹ̀du ń rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìgbẹ́ bá sọ pé ikọ́ ife wà, ẹ gbà á gbọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ parọ́ mọ́ni. Bó bá sọ pé kò sí, dókítà kò gbọ́dọ̀ pa ìwé dé. Ó gbọ́dọ̀ wo àwòrán àyà, kó wo bí ọmọ ti ń rù, kó sì bèèrè ẹni tó ń wúkọ́ nínú ilé. Láti 2022 ni ìtọ́ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á kalẹ̀ bí wọ́n ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọmọ lórí irú àmì bẹ́ẹ̀ láìrí kòkòrò náà rárá.

Kí wá ni ó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Gbogbo ohun àyẹ̀wò yòókù ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ. Kó jókòó jẹ́ẹ́. Kó la ẹnu. Kó má jẹun. Kó fara da igi, rọ́bà, abẹ́rẹ́. Ìgbẹ́ nìkan ni kò bèèrè ohun tí ọmọ kò ní. Ó dúró dè é. Ọmọ jẹun, ó ṣeré, ó yàgbẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ sì parí. Ìdajì tí ó lè rí ní ibi tí kò sí ẹ̀rọ ìkùukùu, tí kò sí bẹ́ẹ̀dì, sàn ju gbogbo rẹ̀ tí omi agbẹ̀du ì bá rí ní ọsibítù tí ìyá kò lè dé. Ìdájọ́ tèmi nìyẹn, mo sì mọ̀ pé àwọn dókítà kan wà tí wọn yóò bá mi jiyàn lórí rẹ̀.

Kò sì ṣàjèjì sí wa. Ẹ̀rín ló pa mí nígbà tí mo rí bí bàbá ọmọ kan ṣe yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì fún ìyàwó rẹ̀ ní ike ìgbẹ́, tí ìyàwó náà sì gbà á bí ìgbà tí wọ́n fún un ní ṣíbí. Ta ni kò mọ̀ pé ìyá ọmọ Yorùbá ń wo ìgbẹ́ ọmọ rẹ̀ láràárọ̀? Ó mọ èyí tí eyín fà, ó mọ èyí tí jẹ̀díjẹ̀dí fà, ó mọ̀ bó bá ti ní àwọ̀ ewé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ fún un pé kó tẹ́ ọ̀rá sínú pámpáàsì kí ó má baà fa ìgbẹ́ náà mu, kí ìtọ̀ má sì dà pọ̀ mọ́ ọn, ó ní, “Àǹtí, ṣé ìyẹn náà lẹ̀ ń kọ́ mi?”

Bí àyẹ̀wò náà bá rí ikọ́ ife, oògùn tó ń tẹ̀ lé e kò gùn bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọmọ tí ikọ́ ife tirẹ̀ kò tíì wọ̀ ọ́ lára púpọ̀ ń lo oògùn oṣù mẹ́rin báyìí dípò mẹ́fà, láti ìgbà tí iṣẹ́ ìwádìí kan ní Ùgáńdà, Sáńbíà, South Africa àti Íńdíà ti fi hàn pé ó tó.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ń wúkọ́ kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, bó bá ń rù tàbí tí kò dàgbà bó ti yẹ, tàbí tí ẹnì kan nínú ilé bá ń lo oògùn ikọ́ ife, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń ṣe ìtọ́jú ikọ́ ife tí wọ́n ń pè ní DOTS, kí ẹ sì bèèrè àyẹ̀wò ìgbẹ́ ní tààrà. Wọn yóò fún yín ní ike olómọrí. Àyẹ̀wò náà àti oògùn rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.